Bàbá Tó Kí Adájọ́ ní Ọnárébù

Ẹnu ẹni tó ni ìtìjú ọ̀hún gan-an ni mo ti gbọ́ ọ, nínú mọ́tò tó ń gbé wa láti Òkè-Baálẹ̀ lọ sí Ìbòkun. Bàbá arúgbó kan ló ń sọ ọ́ fún obìnrin tó jókòó tì í, èmi sì wà lẹ́yìn wọn.

“Ẹjọ́ oko kòkó ìyá mi ni. Adájọ́ tó ń gbọ́ ọ, èmi ni mo lẹ fọ́tò rẹ̀ káàkiri Ìbòkun nígbà tó ń du ipò aṣòfin, kó tó di adájọ́.”

“Ẹ mà mọ èèyàn ńlá o, bàbá!”

“Gbọ́ ná. Ọjọ́ ìdájọ́ pé, ó wọlé, gbogbo wa dìde. Ni mo bá dọ̀bálẹ̀ gbalaja, mo kígbe pé, ‘Ọnárébù wa! Ọmọ wa ni!’”

“Sùbúhánálláhì! Nínú kóòtù?”

“Ó wò mí títí. Ó ní, ‘Bàbá, bí mo bá dá yín láre báyìí, ta ni yóò gbà á gbọ́?’ Ló bá pa fáìlì dé, ó ní kí wọ́n gbé ẹjọ́ náà fún adájọ́ mìíràn, kó tún gbọ́ gbogbo ẹ̀rí látìbẹ̀rẹ̀.”

“Àbí ẹ ò jàre tẹ́lẹ̀ ni?”

“Mo jàre, ọmọ mi! Ṣùgbọ́n ẹnì kan ṣoṣo tó mọ ààlà oko náà ti jẹ́rìí tán, ó sì ti kú.”

Bàbá fa fìlà bojú, ó ń tún un sọ wúyẹ́wúyẹ́ pé, “Ta ni yóò gbà á gbọ́?”

Ìwọ tí ò ń gbọ́ mi yìí, ká ní ìwọ ni bàbá yìí ní kóòtù lọ́jọ́ náà, ṣé wàá lè panu mọ́?