Orúkọ Kan Náà Ni Fáìlì Náà Ń Jẹ́

[Ọ̀sán Sátidé ni. Aila Rautio ló pe ọ̀rẹ́ rẹ̀, Noreen Pelletier, láti ilé ìyá rẹ̀ lẹ́yìn odi Thunder Bay. Noreen ń wa ọkọ̀ bọ̀ lójú ọ̀nà tó gba ẹ̀bá adágún ńlá, ó ń bọ̀ wá bá wọn ṣe ọjọ́ ìbí ìyá náà. Aila ṣi nọ́ńbà tẹ̀ kó tó rí i pè.]

AILA: Hẹ́lò? Noreen? Kú ọ̀nà o.

NOREEN: Aila, kú ìnáwó. Àlejò ti ń dé? Màmá ńkọ́?

AILA: Wọ́n wà, a dúpẹ́. Wọ́n ń múra. Ibo lo dé?

NOREEN: Mo ti kọjá ìlú Wawa tipẹ́. Ẹ má jẹ búrẹ́dì Màmá tán kí n tó dé o. Lọ́dún tó kọjá, èérún ni mo bá.

AILA: Ó wà, ó wà. Mo fẹ́ bi ọ́ ní nǹkan kékeré kan.

NOREEN: Ohùn rẹ ò jọ ti nǹkan kékeré.

AILA: Tí ojú èèyàn nínú fídíò bá di onígun mẹ́rin mẹ́rin, bíi pé búlọ́ọ̀kù ni wọ́n fi mọ ọ́n—

NOREEN: Ojú ta ni?

AILA: —ṣé ó ṣeé tún ṣe?

NOREEN: Aila. Ojú ta ni?

[Ìró ife tí ẹnì kan ń tò sórí tábìlì ní yàrá kejì.]

AILA: Ojú Tauno.

NOREEN: Olúwa o. Fíìmù tá a fẹ́ fi han Màmá lónìí yìí?

AILA: Òun ni. Eré orí kọ̀ǹpútà náà fúnra rẹ̀ dára, Noreen. Gbogbo àtúnṣe tá a ṣe sí i ló jẹ́. Ilé iná tó ń tọ́ ọkọ̀ omi sọ́nà ń tàn, omi ń ru, ó lẹ́wà ju bí Tauno ẹ̀gbọ́n mi àti àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ ṣe ṣe é nígbà yẹn. Àmọ́ tó bá ti dé ibi tí fíìmù kékeré yẹn ti ń wọlé, ibi tó ti jáde lẹ́nu ọ̀nà bí olùṣọ́ ilé iná, tó máa sọ̀rọ̀—

NOREEN: Tó máa rẹ́rìn-ín.

AILA: Irùngbọ̀n rẹ̀ àti ẹnu rẹ̀ ti di ẹrẹ̀ kan náà. Mi ò lè gbé ìyẹn sára ògiri gbọ̀ngàn ṣọ́ọ̀ṣì fún ìyá tó bí i.

[Ìlà ń hó.]

NOREEN: Ṣé o gbọ́ mi? Mo ní, kí ni dókítà sọ nípa ojú Màmá?

AILA: Àárín ojú ti lọ, ẹ̀gbẹ́ ló kù. Tí wọ́n bá fẹ́ wò mí báyìí, wọ́n á yí orí sẹ́gbẹ̀ẹ́ bí adìyẹ tó ń wo àṣá. Dókítà ní òun ò lè ṣèlérí pé èyí tó kù yìí á dúró títí yìnyín á fi bẹ̀rẹ̀ sí í bọ́. Fọ́tò ti kéré jù fún wọn. Ibi tí Tauno ti ń rìn, tó ń mí, inú eré yẹn nìkan ló wà láti ọdún tí adágún ti gbé e lọ. Tó bá tóbi, tó bá mọ́ kedere, wọ́n á rí i. Òní ni, Noreen. Gbogbo ìjọ ń bọ̀.

NOREEN: Ó dáa, jókòó. Báwo lo ṣe yí fídíò náà padà?

AILA: Mo kọ́kọ́ yí i sí irú èyí tí eré tuntun ń gbà. Ó jáde pẹ̀lú búlọ́ọ̀kù díẹ̀. Mo ní bóyá ìwọ̀n tí mo fún un ló kéré. Mo fi kún un. Ó burú sí i. Mo mú kó fẹ̀, mo mú kó mú ṣáṣá. Fáìlì náà ti tóbi ju ti àkọ́kọ́ lọ fíìfíì, ojú rẹ̀ ò mọ́ síbẹ̀.

NOREEN: Tí o bá da omi ẹrẹ̀ sínú àgbá ńlá, ṣé á di omi kànga?

AILA: Má fi mí ṣe yẹ̀yẹ́.

NOREEN: Mi ò fi ọ́ ṣe yẹ̀yẹ́. Orí èwo lo ti ń yí i? Ti àkọ́kọ́ gan-an?

AILA: Orí olùṣọ́-mẹ́ta. Orúkọ tí fáìlì ń jẹ́ nìyẹn.

NOREEN: Èyí tó jáde ńkọ́, kí lorúkọ tiẹ̀?

AILA: Olùṣọ́-mẹ́ta.

[Ìró táyà lórí ọ̀dà.]

NOREEN: Aila, má sọ fún mi pé—

AILA: Eré náà kì í mọ ojú, orúkọ ló mọ̀. Tí fáìlì ò bá jẹ́ olùṣọ́-mẹ́ta, kò ní ṣí i. Ìwọ náà lo kọ́ mi.

NOREEN: Mo kọ́ ọ pé kó jẹ́ orúkọ yẹn nínú fódà eré. Mi ò ní kó o ṣe é nínú fódà kan náà.

AILA: Ó bi mí bóyá kí òun fi rọ́pò èyí tó wà níbẹ̀. Mo tẹ bẹ́ẹ̀ ni.

NOREEN: Ẹ̀ẹ̀kan?

AILA: Gbogbo ìgbà tó bi mí.

NOREEN: Ah. Àbúrò ló wọ aṣọ ẹ̀gbọ́n wọlé, tó gba ìre ẹ̀gbọ́n lọ. Nígbà tí o bá ṣí olùṣọ́-mẹ́ta láti tún un ṣe, ẹ̀dà lo ń dà, ẹ̀dà ti ẹ̀dà. Bí ẹni tó ń fọ aṣọ tó ti ṣá, tó wá ń sọ pé ọṣẹ ló kéré.

AILA: Mo ti mọ̀. Láàárọ̀ yìí ni mo mọ̀. Mo ti jókòó ti kọ̀ǹpútà yìí bí ẹni tó jókòó ti òkú.

NOREEN: Ibi tí o ń kó ẹrù pamọ́ sí lórí íńtánẹ́ẹ̀tì ńkọ́?

AILA: Ẹ̀rọ olóòótọ́ nìyẹn. Ohun tí mo bá ṣe lòun náà ń ṣe. Ó ti fi èyí tó bàjẹ́ rọ́pò tiẹ̀.

NOREEN: O ò fi ránṣẹ́ sí mi rí?

AILA: Àwòrán ilé iná nìkan. O ní fídíò á pọ̀ jù fún fóònù rẹ.

NOREEN: Mo sọ bẹ́ẹ̀ lóòótọ́. Ọlọ́run dárí jì mí. Ó dáa, sídì tí eré náà wà nínú rẹ̀ níbẹ̀rẹ̀ ńkọ́?

[Ìró àga tó ń wọ́ nílẹ̀.]

NOREEN: Aila? Ṣé o gbọ́ mi?

AILA: Mo gbọ́. Mo ti da gbogbo rẹ̀ sórí kọ̀ǹpútà. Mo rò pé iṣẹ́ sídì ti parí. Mo fún Màmá.

NOREEN: Kí ni Màmá fẹ́ fi sídì ṣe?

AILA: Ẹyẹ.

NOREEN: Ìlà ń gé. Kí lo wí?

AILA: Mo ní ẹyẹ. Wọ́n máa ń so sídì àtijọ́ mọ́ igi rásípẹ́rì lẹ́yìn ilé kó máa dán, kí ẹyẹ má bàa jẹ èso wọn.

NOREEN: O fi ẹ̀gbọ́n rẹ kọ́ igi fún ẹyẹ.

[Aila gbé fóònù kalẹ̀, ó tún gbé e.]

NOREEN: Má bínú. Ẹnu mi ló ṣáájú mi. Bọ́ síta. Sídì tí wọ́n tẹ̀ ní ilé iṣẹ́ kì í tètè kú bí èyí tá a fi ọwọ́ ara wa kọ. Bọ́ síta, wò ó.

[Ilẹ̀kùn. Afẹ́fẹ́. Ohun tẹ́ẹ́rẹ́ tó ń lu ara wọn, bí agogo tí kò ní ahọ́n.]

AILA: Mo ti débẹ̀. Eléyìí ti ẹgbẹ́ akọrin ni. Eléyìí ti owó orí. Eléyìí… ẹ̀kọ́ èdè Faransé.

NOREEN: Ìyẹn wúlò. Mo ti ń sọ fún ẹ.

AILA: Noreen, jọ̀ọ́.

NOREEN: Wá a lọ. Mo ń súnmọ́ orí òkè kan, ibẹ̀ ni ìlà ti máa ń kú. Wá a kíákíá.

AILA: Òmíràn ti funfun, mi ò mọ ohun tó jẹ́ tẹ́lẹ̀. Òmíràn… okùn nìkan ló wà níbí. Okùn nìkan, kò sí sídì lórí rẹ̀. Afẹ́fẹ́ ti já a. Ó ti lọ. Noreen, ẹ̀pa ò bóró mọ́. Adágún gbé e, èmi náà wá gbé e lẹ́ẹ̀kejì.

NOREEN: Wo ilẹ̀. Wo abẹ́ koríko.

AILA: Mo ti wà lórí eékún.

[Ìgbésẹ̀ tó ń bọ̀ jẹ́jẹ́. Ọ̀pá lórí òkúta. Lempi, ìyá Aila, ló ń bọ̀.]

LEMPI: Aila. Àwọn èèyàn ń gbé ọkọ̀ síwájú ilé, ìwọ ń fi aṣọ àríyá kúnlẹ̀ bá igi sọ̀rọ̀.

AILA: Màmá, ẹ padà sílé, oòrùn mú.

LEMPI: Ta ló wà lórí fóònù?

NOREEN: Èmi ni, mà, Noreen. Ẹ kú ọdún, mà. Ẹ ó ṣe púpọ̀ rẹ̀ láyé.

LEMPI: Àmín. Ìwọ náà lo wà nídìí ẹ̀. Ẹ̀yin méjèèjì ti ń kùn sí ara yín bí oyin láti ìgbà tí èso ti ń so. Kí ló sọnù, Aila?

[Sídì ń lu sídì.]

AILA: Tauno ni, Màmá. A fẹ́ fi í hàn yín lónìí, níwájú gbogbo ìjọ. Èmi ni mo bà á jẹ́. Mo rò pé mo ń tún un ṣe, mo ń pa á rẹ́ díẹ̀díẹ̀. Sídì tí mo fún yín nìkan ló kù, ẹyẹ àti afẹ́fẹ́ sì ti—

LEMPI: Èyí tí ilé iná wà lójú rẹ̀?

AILA: Ẹ mọ̀ ọ́n?

LEMPI: Ojú mi ló ń lọ, orí mi ò tíì lọ. Ọjọ́ tí o kó wọn fún mi gan-an, mo so ó, mo sì tún tú u. Ṣé ọmọ tí mo bí ni n óò fi máa dẹ́rù ba ẹyẹ?

AILA: Ẹ ò sọ fún mi.

LEMPI: O ò bi mí. Ó wà nínú ìwé orin mi, ní ojú ewé orin tá a kọ lọ́jọ́ ìsìnkú rẹ̀. N ò lè kà á mọ́, ta ni yóò ṣí i? Dìde, o ti fi koríko ba aṣọ jẹ́.

[Ìgbésẹ̀ tó ń sáré. Ilẹ̀kùn. Ìwé wúwo tó bọ́ sórí tábìlì.]

NOREEN: Ṣé o gbọ́ mi? Aila, ṣé o gbọ́ mi? Ṣé ó ṣì dáa?

AILA: Ó mọ́. Ó mọ́ bí ọjọ́ tí wọ́n gbé e délé. Mo ti fi í sínú ẹ̀rọ.

[Ẹ̀rọ ń yí, ó dúró, ó tún ń yí.]

NOREEN: Gbọ́ mi dáadáa, ìlà ti ń lọ. Má ṣí i níbẹ̀. Fódà tuntun, dà á síbẹ̀ bó ṣe wà. Má mú un fẹ̀, má fi nǹkan kan kún un. Tí o bá fẹ́ yí i fún eré, orí èyí ni kó o ti yí i, lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, kí èyí tó jáde gba ibòmíràn lọ. Tó bá sì bi ọ́ bóyá kí òun rọ́pò—

AILA: Rárá ni n óò tẹ̀.

NOREEN: Rárá ni. Má sì jẹ́ kí èyí máa jẹ́ olùṣọ́-mẹ́ta mọ́. Fún un lórúkọ mìíràn.

AILA: Orúkọ wo?

[Ọ̀pá lórí ilẹ̀ pákó. Àga tí ẹnì kan fà jókòó.]

LEMPI: Ṣé kò ní orúkọ ni? Ẹ kọ orúkọ rẹ̀ sí i.

[Bọ́tìnì dún lọ́kọ̀ọ̀kan, márùn-ún. Ìró omi, ìró ilẹ̀kùn, lẹ́yìn náà ọkùnrin kan rẹ́rìn-ín láti inú kọ̀ǹpútà.]

NOREEN: Aila? Báwo ló ṣe rí? Ṣé o gbọ́ mi?

LEMPI: Sún un síbí. Níbí, sẹ́gbẹ̀ẹ́ mi. Dúró… Wò ó. Mo sọ fún ọmọ yìí pé kó fá irùngbọ̀n rẹ̀ kí wọ́n tó yà á.

NOREEN: Kí ni wọ́n wí? Aila, kí ni Màmá—

[Ìlà já.]