Èmi Ni Mo Ń Pa Wáìfáì Bàbá

Àbúrò mi, jókòó. Mo mọ̀ pé inú rẹ ò dùn láti rí ọkùnrin tó wà lẹ́bàá ilẹ̀kùn yẹn, atúnkọ̀ǹpútàṣe tí o lé jáde nínú ilé yìí ní ọdún mẹ́fà sẹ́yìn. Èmi ni mo ránṣẹ́ pè é. Dókítà ti sọ iye ọ̀sẹ̀ tó kù fún mi, mi ò sì lè gbé ọ̀rọ̀ yìí wọ sàréè. Ẹ̀yin méjèèjì, ẹ jẹ́ kí n sọ ọ́ tán kí ẹ tó fọhùn.

O rántí pé lẹ́yìn tí wọ́n ṣiṣẹ́ abẹ ọ̀nà ọ̀fun fún Bàbá, ohùn wọn ò padà mọ́. Ìwọ lo gbé kọ̀ǹpútà kan sí yàrá wọn lókè, tí o gbé èkejì sẹ́gbẹ̀ẹ́ máṣíìnì ìránṣọ mi nísàlẹ̀, tí o fi wáìfáì so wọ́n pọ̀. Ohun tí Bàbá bá tẹ̀ lókè, kíá ni kọ̀ǹpútà mi á dún, màá sì kà á. Bàbá wá ń tẹ̀ ẹ́ ṣáá. Ọ̀gá ilé-ìwé tó ti fẹ̀yìn tì ni wọ́n, ẹni tó sì ti fi ogójì ọdún pàṣẹ kì í dákẹ́ lójijì. "Wá ṣí fèrèsé." "Ta ló wọlé yẹn?" "Oúnjẹ àná, iyọ̀ ti pọ̀ jù." Bí mo bá fèsì, wọ́n á ní mo gbàgbé àmì ohùn. Nígbà mìíràn, ó tó ìgbà mẹ́wàá láàárín òwúrọ̀ kan tí màá fi abẹ́rẹ́ sílẹ̀ láti gun àtẹ̀gùn, tòun ti orúnkún tó ń dùn mí.

Ó rẹ̀ mí. Mi ò sọ èyí láti gbèjà ara mi. Bọ́tìnnì kékeré kan wà lára ẹ̀gbẹ́ kọ̀ǹpútà mi, òun ló ń tan wáìfáì rẹ̀, òun ló sì ń pa á. Mo tẹ̀ ẹ́ lọ́jọ́ kan, wáìfáì kú, ilé pa rọ́rọ́, mo sì rán ọrùn ẹ̀wù kan tán láìdìde. Ìdajì wákàtí péré ni, mo tún tàn án. Àmọ́ díẹ̀díẹ̀ nimú ẹlẹ́dẹ̀ ń wọgbà. Nígbà tó yá, mo ń pa á fún wákàtí méjì, mẹ́ta.

Bàbá fẹjọ́ sùn ọ́, o sì pe ọkùnrin yìí. Ẹ̀ẹ̀mẹ́ta ló wá. Ó gbé àpótí wáìfáì kúrò lẹ́yìn kọ́bọ́ọ̀dù, ó pààrọ̀ okùn rẹ̀, ó ń tẹ ọ̀rọ̀ lókè, ó ń sáré wá wò ó nísàlẹ̀. Kó tó wọlé, mo ti máa ń tan bọ́tìnnì. "Ó ti dáa báyìí, Màmá," ni yóò wí. Kó tó dé títì, mo ti pa á. Nígbà kẹta, ó wo ẹ̀gbẹ́ kọ̀ǹpútà mi, ó wá wò mí. Ó ní, "Màmá, nǹkan kan ò ṣe ẹ̀rọ yìí. Ẹnìkan ló ń pa á." Àyà mi já, mo fi ìbínú bò ó. Mo ní, "Ṣé èmi ni mo wá ń parọ́ fún ọ nínú ilé bàbá mi? Sọ pé o ò mọṣẹ́." Ó ní kí n má bínú. Èmi tí mo jẹ̀bi ni ó ń bẹ̀.

Ọjọ́bọ̀ tó tẹ̀ lé e, ìyàwó kan ń bọ̀ wá gba aṣọ ìgbéyàwó rẹ̀ ní aago mẹ́rin. Láti aago mẹ́sàn-án àárọ̀ ni mo ti pa wáìfáì. Ní aago méjì ọ̀sán, mo gbé oúnjẹ gòkè. Bàbá wà nílẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ àga, ọwọ́ wọn ti tutù. Ìlà mọ́kànlá ló wà lójú kọ̀ǹpútà wọn, kò sì sẹ́ni tó kà wọ́n rí àfi èmi. Aago mẹ́wàá kọjá ogún ìṣẹ́jú ni àkọ́kọ́: "Ọmọ mi, àyà ń dùn mí." Lẹ́yìn náà, "Wá." Lẹ́yìn náà, "Mi ò lè mí dáadáa." Èyí tó kẹ́yìn ni: "Má sáré o. Rọra gun àtẹ̀gùn, nítorí orúnkún rẹ." Wọ́n fi àmì sórí gbogbo rẹ̀ pé.

Mi ò tíì ké nígbà yẹn. Aago wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìlà kọ̀ọ̀kan, ẹnikẹ́ni tó bá rí i á mọ iye wákàtí tí Bàbá fi ń pè mí. Mo pa gbogbo rẹ̀ rẹ́. Mo sọ̀ kalẹ̀, mo tan bọ́tìnnì mi padà. Mo wá lọ sídìí àpótí wáìfáì, mo fa okùn tí ọkùnrin yìí pààrọ̀ yọ díẹ̀, kó lè jọ pé kò tẹ̀ ẹ́ wọlé dáadáa. Ẹ̀yìn ìyẹn ni mo tó figbe ta. Ìwọ fúnra rẹ lo rí okùn náà, àbúrò mi. O ní, "Iṣẹ́ ọwọ́ ọkùnrin yẹn ló pa Bàbá," mo sì mi orí pé bẹ́ẹ̀ ni. O sọ ọ́ káàkiri àdúgbò títí kò fi rí oníbàárà mọ́, tó ti ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ pa. Ẹrù ló ń gbé ní ilé ìkẹ́rùsí báyìí.

Kò jẹ̀bi. Okùn rẹ̀ wọlé dáadáa. Lọ sọ ọ́ ní gbogbo ibi tí o ti bà á lórúkọ jẹ́, kí o ṣe é kí n tó kú. Ẹ̀yin méjèèjì, ẹ dákun, ẹ forí jì mí. Bó bá sì jẹ́ èpè ló wà lẹ́nu yín, mo gbà á. Ẹ ṣáà sọ nǹkan.