Òkun Kò Sí Nínú Ẹbí

Kí òmìnira tó dé, mo wọ ọkọ̀ akẹ́rù kan ní Ìkọ̀lé, mo sì jókòó ti tíṣà kan àti ìyàwó rẹ̀ tí wọ́n ń lọ lo ìsinmi létí òkun l'Ékòó.

"A máa sọ̀ n'Ífàkì kí ẹ̀gbọ́n mi," ni ọkọ wí. "Ká sùn l'Ákúrẹ́ nílé àbúrò bàbá mi. N'Íbàdàn..."

"Tíṣà, ìsinmi á ti tán lójú ọ̀nà."

"Ṣé kí n kọjá lẹ́nu ọ̀nà ulé ẹbí mi bí olè ni?"

Obìnrin náà dijú. "Mo máa ń lálàá òkun yìí, omi tí a kì í rí òdìkejì rẹ̀. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ fi òkun ṣe ẹ̀gbọ́n yín, ká lè yà kí i."

Àwọn èrò rẹ́rìn-ín. Ọkọ rẹ̀ ń wo oko kòkó. A dé Ìfàkì, a kọjá, kò dá dẹ́rẹ́bà dúró.

"Kí la máa mú lọ fún ẹ̀gbọ́n náà?" ni ó bi ìyàwó rẹ̀.

"Ẹsẹ̀ wa nìkan. Ká tẹ̀ ẹ́ bọ inú rẹ̀, ká dákẹ́."

Mo sọ̀ l'Ádó. Títí ọkọ tèmi fi kú ni mo ń bá a kí ẹbí rẹ̀ kiri. Kò bi mí rí pé níbo lèmi fẹ́ yà.