Omi Tó Mọ ní Orúnkún Ọmọ Ọdún Méjì

Ẹ̀yin ará nínú Olúwa, kí n tó sọ ohunkóhun, ẹ jẹ́ kí n kúnlẹ̀ ná. Ó dáa. Mo ti dìde. Ọlọ́run tó ń gba àgbàlagbà lọ́wọ́ agídí ara rẹ̀, tó sì ń gba ọmọdé lọ́wọ́ omi, ìwọ ni mo wá dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ láàárọ̀ yìí. Haleluyah! Ẹ má jẹ́ kó jẹ́ èmi nìkan o. Haleluyah!

Gbogbo yín lẹ mọ̀ mí. Èmi ni Jósẹ́fù bíríkìlà, ọkọ Fẹlíṣíà. Ilé wa lẹ máa ń rí lápá ọ̀tún tí ẹ bá ń ti Ọ̀sí lọ sí Òkè-Ọ̀pín, ilé tó ní ògiri funfun gígùn lẹ́yìn. Púùlù ìlúwẹ̀ẹ́ ló wà lẹ́yìn ògiri yẹn. Ẹ ti ń rẹ́rìn-ín. Ẹ rín in dáadáa, ẹ ti ń rín in láti ìgbà tí mo ti ń gbẹ́ ihò rẹ̀!

Ọdún mọ́kànlá ni mo fi ṣiṣẹ́ ní Kàdúná lábẹ́ àwọn òyìnbó kọnsitirọ́ṣọ̀n. Nígbà tí owó epo wọ̀lú, kò sí ọ̀gá ńlá tí kò fẹ́ púùlù lẹ́yìn ilé rẹ̀. Èmi ni mo ń lẹ táìlì fún wọn. Òyìnbó tó jẹ́ ọ̀gá mi a máa sọ pé ọwọ́ mi tẹ́jú ju omi lọ. Púùlù mẹ́rìndínlógún ni mo bá wọn kọ́, n kò sì ti ẹsẹ̀ bọ ọ̀kankan rí. Tí a bá ti parí iṣẹ́ báyìí, géètì ẹ̀yìn ni wọ́n ń gbà kó wa jáde. Mo wá sọ nínú ọkàn mi pé bí Ọlọ́run bá dá mi padà sílé, n ó kọ́ tèmi.

Mo sì kọ́ ọ! Pẹ̀lú ọwọ́ méjèèjì yìí. Mo gbẹ́ kànga tirẹ̀ lọ́tọ̀, mo ra ẹ̀rọ tó ń fa omi, mo kó táìlì aláwọ̀ ojú ọ̀run wá láti Kàdúná lórí lọ́rì oníṣu. Bí mo bá dúró níbi tó jìn nínú rẹ̀, tí mo na ọwọ́ sókè, omi á bo ìka mi. Láti Ọ̀sí dé Ìlọ́fà, kò sí irú rẹ̀. Ẹ jẹ́ kí n sọ òtítọ́ níwájú pẹpẹ: mo gbéraga. Ó ṣì ń ṣe mí díẹ̀ títí di òní, kí Olúwa dárí jì mí.

Èrò mi ni pé àwọn ọmọ wa tó wà ní Èkó, Kàdúná àti Ìlọrin, tí wọ́n ń wálé fún Kérésì àti Àjíǹde, wọn yóò máa háyà rẹ̀, ìdílé kan lẹ́ẹ̀kan. Wọn á wọlé, wọn á ti géètì, ibẹ̀ á di tiwọn títí wọn yóò fi gbádùn ara wọn tán.

Kérésì àkọ́kọ́ dé. Ta ló wá? Àwọn géńdé! Wọ́n gbé páálí bíà dání, wọ́n ń fi ṣòkòtò fò sínú omi, wọ́n fọ́ ìgò sétí púùlù mi. Lọ́jọ́ kejì, ọkọ̀ pijó kan dúró níwájú ilé. Ọkùnrin kan àti ìyàwó rẹ̀ sọ̀kalẹ̀, ọmọ kan wà lẹ́yìn obìnrin náà, ó fa èkejì lọ́wọ́, èyí tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń rìn tẹ̀ẹ́tẹ̀ẹ́. Ó dé ẹnu géètì, ó wo omi, ó wo ọmọ, ó bá gbé ọmọ náà mọ́ra. Ó ní, "Bàbá, omi yín mà dára o. A óò padà wá." Wọn ò padà wá. Irú wọn mẹ́rin ló wá ṣáájú ọdún tuntun. Ojú kan náà, ọ̀rọ̀ kan náà, gbogbo wọn ló wọnú ọkọ̀ wọn lọ.

Nígbà tí Àjíǹde fi máa dé, kò sẹ́ni tó ń dúró mọ́. Ọ̀rọ̀ ti gba ìlú pé omi Jósẹ́fù ń wá ọmọ tí yóò gbé. Mo tọpa ọ̀rọ̀ náà títí ó fi gbé mi dé ọ̀dọ̀ Yèyé Rúùtù. Òun ló jókòó síwájú yẹn, òun fúnra rẹ̀ ló ní kí n sọ ọ́. Bí a bá ti jáde ìsìn, ẹnu ọ̀nà ṣọ́ọ̀ṣì yìí ló ń dúró sí, á máa di àwọn ìyá ọlọ́mọ lọ́wọ́ mú lọ́kọ̀ọ̀kan: "Má gbé ọmọ rẹ lọ síbẹ̀ o."

Inú bí mi! Omi yẹn sì dákẹ́ síbẹ̀, ó yí di àwọ̀ ewé, ọ̀pọ̀lọ́ wá ń ké nínú rẹ̀. Ẹni tó bá ń kọjá á ní, "Bíríkìlà, ẹja ńkọ́?" N kò kí Yèyé Rúùtù mọ́. Ìjọ kan náà la wà, a jọ ń jẹ nídìí tábìlì Olúwa, mo sì ń gba ẹ̀gbẹ́ kejì kọjá kí ojú wa má bàa pàdé. Ẹ̀ṣẹ̀ ni. Mo jẹ́wọ́ rẹ̀.

Mo gba ààwẹ̀ ọjọ́ mẹ́ta. Ẹ gbọ́ àdúrà tí mo gbà: "Olúwa, pa ẹnu Yèyé Rúùtù mọ́." Ọjọ́ kìíní, àdúrà náà nìyẹn. Ọjọ́ kejì, òun náà ni. Lọ́sàn-án ọjọ́ kẹta, Fẹlíṣíà ìyàwó mi wọlé bá mi lórí eékún.

Ó ní, "Bàbá Dúpẹ́, ẹ̀ ń bẹ Ọlọ́run kó pa obìnrin yẹn lẹ́nu mọ́. Ṣé ẹ tiẹ̀ ti bi í léèrè ohun tó ń bà á lẹ́rù?"

Mo ní, "Kí ni n ó bi í léèrè? Ṣebí ọ̀tá ni."

Ó ní, "Ó dáa, èmi ńkọ́? Ṣé ọ̀tá lèmi náà? Ọmọ Dúpẹ́ ti ń rìn láti oṣù méje sẹ́yìn, n kò gbé e dé ẹ̀bá omi yẹn rí. Ẹ ò sì bi mí léèrè rí."

Ẹ̀yin ará, ọ̀rọ̀ náà wọ egungun mi. Ìyàwó mi, nínú ilé mi! Ọmọ-ọmọ mi kò dé ibi iṣẹ́ ọwọ́ mi rí, n kò sì fura. Mo mọ̀ lójú ẹsẹ̀ pé ohùn tí mo ń retí láti òkè ti dé, ṣùgbọ́n ẹnu Fẹlíṣíà ló gbà.

Mo dìde, mo lọ bá Yèyé Rúùtù. Ó ń bó ẹ̀gúsí níwájú ilé rẹ̀. Mo dọ̀bálẹ̀, mo ní mo wá tọrọ àforíjì, mo sì fẹ́ mọ ohun tó rí nínú omi mi. Kò wo ojú mi. Ẹ̀gúsí ló ń wò.

Ó ní, "Rúùtù ni àkọ́bí mi. Odò ló gbé e. Mo ń fọ aṣọ, mo yíjú láti fún agbádá bàbá rẹ̀. Mo yíjú padà, kò sí mọ́. Kò ké, Jósẹ́fù. Ọmọ kékeré kì í ké nínú omi. Ẹnikẹ́ni kò sọ bẹ́ẹ̀ fún mi rí, mo rò pé n ó gbọ́ ọ."

Gbogbo ọdún tí a fi ń pè é ní Yèyé Rúùtù, n kò mọ̀ pé ọmọ tó ti lọ ló ni orúkọ yẹn. Èmi tí mo kọ́ púùlù mẹ́rìndínlógún, n kò mọ̀ pé ọmọdé kì í ké. Mo jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀, mo sunkún.

Mo nu ojú mi, mo ní, "Yèyé, kí lẹ fẹ́ rí kí ẹ tó lè sọ fún ìyá kan pé kó gbé ọmọ rẹ̀ wá?"

Kò ṣẹ̀ṣẹ̀ rò ó. Ó ní, "Omi tí kò kọjá orúnkún ọmọ. Kí n máa rí ìsàlẹ̀ rẹ̀ bí ìsàlẹ̀ àwo. Kí o bo èyí tó jìn yẹn. Kí àgbàlagbà kan sì jókòó tì wọ́n, tí kò ní iṣẹ́ mìíràn lọ́wọ́, kó má fọ aṣọ, kó má bó ẹ̀gúsí."

Mo ní, "Ta ni yóò jókòó?"

Ó gbọn èèpo ẹ̀gúsí kúrò lórí aṣọ rẹ̀. Ó ní, "N ó gbé àga mi wá."

Haleluyah! Ẹni tí mo ní kí Ọlọ́run pa lẹ́nu mọ́, òun gan-an ni Ọlọ́run fẹ́ fi ṣe olùṣọ́ fún mi.

Mo bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́. Mo fi tépù wọn ọmọ Dúpẹ́ láti àtẹ́lẹsẹ̀ dé orúnkún, ó rò pé eré la ń ṣe. Ìwọ̀n orúnkún rẹ̀ ni mo fi gbẹ́ púùlù kejì. Mo yí gbogbo igun rẹ̀ róbótó kí orí ọmọ má bá igun ṣónṣó pàdé. Mo fi búrọ́ọ̀ṣì ha ìsàlẹ̀ rẹ̀ kí ó má yọ̀. Mo ṣe ọgbà yí i ká, mo fi ìdè géètì sókè, ibi tí ọwọ́ ọmọdé kò lè dé.

Ó wá ku èyí tó jìn. Ẹ̀yin ará, ara mi kọ̀ ọ́. Táìlì aláwọ̀ ojú ọ̀run, kí n fi pákó bò ó? Ọ̀sẹ̀ méjì ni mo fi ń rìn yí i ká. Fẹlíṣíà kàn ń gbé ọmọ Dúpẹ́ kọjá níwájú mi ni. Níkẹyìn, mo ra pákó ìrókò tó nípọn, mo fi irin gbé e lábẹ́, mo kàn án pa láti etí kan dé èkejì. Ìbínú ni mo fi kàn án. Mo fi òòlù gbá àtàǹpàkò ara mi lẹ́ẹ̀mejì.

Kérésì kejì wá dé pẹ̀lú ọyẹ́. Ẹ mọ bí ọyẹ́ Ọ̀sí ṣe ń mú láàárọ̀. Fẹlíṣíà ní ọmọ wo ni yóò wọ omi tútù? Ó gbé àgbá mẹ́ta kaná, a ń se omi, a ń pò ó mọ́ tútù títí yóò fi lọ́ wọ́ọ́rọ́. Ó tẹ́ ẹní sábẹ́ máńgòrò fún àwọn ìyá, ó ní ògì gbígbóná àti àkàrà nílẹ̀, ó sì to póò kéékèèké mẹ́rin sídìí ògiri. Ẹ ń rẹ́rìn-ín, àbí? Ẹ lọ bi àwọn ìyá ọlọ́mọ bóyá póò kọ́ ló kọ́kọ́ wù wọ́n níbẹ̀!

Yèyé Rúùtù tún dúró sẹ́nu ọ̀nà ṣọ́ọ̀ṣì yìí. Lọ́tẹ̀ yìí, ohun tó ń sọ ni, "Gbé e wá. Èmi ni n ó máa wò ó." Ìyẹn tó. Ẹni tó bá mọ̀ ọ́n, ó mọ̀ pé kò purọ́ rí. Wọ́n ti Ìlọ́fà wá, wọ́n ti Ìsọ̀lọ̀-Ọ̀pín wá, ìdílé kan láàárọ̀, ìdílé kan lọ́sàn-án.

Ọjọ́ kẹta lẹ́yìn Kérésì, àwọn ọmọ ìyá mẹ́ta kan láti Ìlọ́fà kó ọmọ wọn wá, ọmọ mẹ́sàn-án, kò sí èyí tó tó ọdún márùn-ún. Inú mi dùn, èmi fúnra mi ni mo ń ru omi gbígbóná wọlé. Mo gbé garawa wọlé, mo jáde, n kò ti géètì. Èmi ni o. Èmi tí mo kọ́ ọ.

Lójijì ni Yèyé Rúùtù dìde lórí àga. Ó ní, "Mẹ́jọ. Mẹ́jọ ni mo kà. Bọ́sẹ̀dé dà?"

Ìyá Bọ́sẹ̀dé figbe ta. Mo ju garawa nù. Mo sáré, gbogbo ohun tí mo ń gbọ́ kò ju ọ̀rọ̀ Yèyé lọ, pé ọmọ kékeré kì í ké. Mo yí igun ògiri, mo sì rí i. Ọmọ ọdún méjì, ìhòòhò ọmọlúàbí, ó jókòó sáàárín púùlù tó jìn. Lórí pákó! Ó mú ife páànù kan lọ́wọ́, ó ń fi lu pákó náà gbà-gbà-gbà, ó ń rẹ́rìn-ín. Omi tó lè bo géńdé mọ́lẹ̀ wà lábẹ́ ìdí rẹ̀, kò tilẹ̀ mọ̀.

Mo wó lulẹ̀ síbẹ̀. Yèyé Rúùtù ló dé ọ̀dọ̀ ọmọ náà ṣáájú ìyá rẹ̀. Ó gbé e, ó pọ̀n ọ́n, kò sì sọ ọ́ kalẹ̀ títí di ọ̀sán.

Mo ní ó ti parí. Wọn yóò kó ọmọ wọn lọ, ọ̀rọ̀ á tún gba ìlú. Bàbá Bọ́sẹ̀dé, ọkùnrin tó sanra dáadáa, gun orí pákó náà. Ó fẹsẹ̀ kì í. Ó fò sókè, ó bọ́ lé e lẹ́ẹ̀mejì. Kò mì.

Ó ní, "Bàbá, ta ló kan pákó yìí?"

Mo ní, "Èmi ni, sà."

Ó dọ̀bálẹ̀ fún mi gbalaja, tòun ti ṣẹ́ẹ̀tì funfun rẹ̀. Wọn ò lọ. Wọ́n wà níbẹ̀ títí oòrùn fi rọlẹ̀. Èmi náà ò sùn lé e, mo yọ sípíríǹgì lára ọkọ̀ àlòkù kan, mo fi sí géètì náà kó lè máa ti ara rẹ̀. Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, mo gbọ́ ìró ọkọ̀, mo yọjú: mọ́tò mẹ́ta ló tò síwájú ilé, ọmọ kún gbogbo wọn, orí wọn ń yọ lójú fèrèsé bí ọmọ adìẹ nínú apẹ̀rẹ̀. Láti ọjọ́ náà títí di àná, ilé wa kò dákẹ́. Àwọn kan wá láti Ìlọrin pàápàá! Tí mo bá ń rìn láàárín wọn, mo ń gbé àyà síwájú. Ẹ jẹ́ kí n gbé e. Púùlù mẹ́rìndínlógún tí mo kọ́ fún àwọn ọ̀gá, kò sí ọ̀kan nínú wọn tó dùn mọ́ mi bí èyí tó kéré jù, tí kò lè bo orúnkún èèyàn.

Lánàá, nígbà tí ìdílé tó kẹ́yìn ń múra àtilọ, mo rí ohun kan. Láti ọjọ́ tí odò ti gbé ọmọ Yèyé Rúùtù, kò ti ẹsẹ̀ bọ omi mọ́, tó bá dé etí odò á ní kí wọ́n bá òun pọn. Lánàá ó bọ́ sálúbàtà rẹ̀. Ó ká ìró rẹ̀ sókè. Ọmọ kékeré méjì dì í lọ́wọ́ mú, ọ̀kan lọ́tùn-ún, ọ̀kan lósì, wọ́n ń fà á, wọ́n ń ní, "Màmá, ẹ wọlé, kò jìn." Ó sì wọlé.

Bọ́sẹ̀dé àti àwọn òbí rẹ̀ ló jókòó lọ́hùn-ún yẹn. Ẹ gbé e sókè kí wọ́n rí i! Ọlọ́run nìkan ni ògo yẹ, ó yẹ ẹ́, ó yẹ ẹ́ gan-an ni. Ẹ bá mi dìde, ẹ bá mi yọ̀. Ẹni tó bá pọn ọmọ, kó rọra jó. Ẹni tí kò pọn, kó jó títí ilẹ̀ yóò fi mì!