Èmi Ni Mo Ń Pa Iná Tí Ìyá Ọkọ Mi Rò Pé Wọ́n Mú Lọ

Ẹ̀yin ènìyàn mi, ẹ jọ̀ọ́, ẹ fara balẹ̀ kà á tán kí ẹ tó ṣépè fún mi. Ọ̀rọ̀ yìí ti wà nínú mi láti ọdún tó kọjá. Mi ò lè sọ ọ́ fún ọkọ mi, mi ò lè sọ ọ́ fún ìyá tó bí mi. Ohun tó ṣẹlẹ̀ nílé wa lọ́jọ́ Jímọ̀ tó kọjá ló jẹ́ kí n máa kọ ọ́ síbí.

Ọ̀fà ni mò ń gbé. Akọ̀wé ni mí ní ọ́fíìsì kánsù ní Ìlemọnà. Ọkọ mi ń ṣiṣẹ́ ní Àbújá, ẹ̀ẹ̀kan lóṣù ló ń wálé. Èmi, àwọn ọmọ mi méjì àti ìyá ọkọ mi la jọ ń gbé. Alhaja ni gbogbo wa ń pè wọ́n. Wọ́n ní àìsàn ìtọ̀ ṣúgà, abẹ́rẹ́ ínsúlìn ni wọ́n ń gbà láàárọ̀ àti lálẹ́. Èmi ni mo ń gún un fún wọn. Inú fíríìjì la ń tọ́jú rẹ̀ sí, torí kò gbọdọ̀ gbóná.

Fíríìjì yẹn, ẹ̀gbọ́n ọkọ mi obìnrin tó wà ní Ìlọrin ló rà á. Ó rà á, ó ya fọ́tò rẹ̀, ó gbé e sórí wásáàpù ẹbí, gbogbo wọn ń kí i kú oríire. Kò sẹ́ni tó bèèrè ẹni tí yóò máa ra iná tí fíríìjì yóò máa jẹ.

Nígbà tí wọ́n fi owó kún iná ládùúgbò wa, yúnìtì inú mítà bẹ̀rẹ̀ sí í sá bí ẹni tí ajá ń lé. Ọkọ mi gbà pé mò ń fi ṣòfò ni. Á pè láti Àbújá, á ní, "Ṣé orí áyọ́ọ̀nù lo ń sùn ni?" Mo pààrọ̀ gbogbo gílóòbù. Mo gbé kẹ́tùrù oníná pamọ́. Ẹ̀ẹ̀kan lọ́sẹ̀ ni mo ń lọ aṣọ. Ariwo ọkọ mi kò dín.

Mo wá dá ọgbọ́n kan. Ara ògiri ẹ̀yìnkùlé ni kọ́táòtù wa wà. Bí mo bá fẹ́ lọ síbi iṣẹ́, màá gba ẹ̀yìn, màá pa á. Iná gbogbo ilé á kú. Bí mo bá dé nírọ̀lẹ́, màá tan án kí n tó wọlé. Alhaja kì í dé ẹ̀yìnkùlé, orúnkún ń dùn wọ́n. Màá ní, "Alhaja, iná ti dé o." Wọ́n á ní, "Alhamdulilahi. Àwọn oníná yìí ò mà láàánú." Ta ló fẹ́ já irọ́ iná nílẹ̀ yìí? Bí wọ́n bá gbọ́ tẹlifíṣọ̀n ilé kejì, mo ní sólà ni wọ́n ń lò níbẹ̀.

Àsìkò ooru ni. Alhaja á jókòó sórí ẹní láti àárọ̀, wọ́n á máa fi abẹ̀bẹ̀ fẹ́ra. Nírọ̀lẹ́ wọ́n á ṣàdúrà pé kí Ọlọ́hun bá wa tún orílẹ̀-èdè yìí ṣe. Èmi tí mo pa iná, èmi náà ni màá ṣe àmín.

Káàdì iná tó ń tán láàárín ọ̀sẹ̀ méjì bẹ̀rẹ̀ sí í pé oṣù. Háà, inú ọkọ mi dùn! Ó pe ẹ̀gbọ́n rẹ̀, ó ní, "Ẹ wá kọ́ bí wọ́n ṣe ń ṣọ́ iná lò lọ́dọ̀ ìyàwó mi." Ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbọ́ mi yé. Ọdún mọ́kànlá ni mo ti wà nínú ẹbí yẹn. Ìgbà àkọ́kọ́ rèé tí ẹnikẹ́ni máa yìn mí. Ó dùn mọ́ mi.

Ṣé mo rántí abẹ́rẹ́? Mo rántí. Ẹ má jẹ̀ẹ́ kí n purọ́ fún yín pẹ̀lú. Mo fọwọ́ kan ìgò rẹ̀ nírọ̀lẹ́ ọjọ́ kan, ó lọ́ wọ́ọ́rọ́. Mo ní á tutù tó bá di alẹ́, kò sí nǹkan tó máa ṣe é.

Kò pẹ́ tí òǹgbẹ fi bẹ̀rẹ̀ sí í gbẹ Alhaja. Wọ́n ń tọ̀ ṣáá. Okùn sálúbàtà ha wọ́n lẹ́sẹ̀ ọ̀tún, egbò náà kò jiná, ó ń rùn. Ẹ̀gbọ́n ọkọ mi sáré wá láti Ìlọrin. Ó tú yàrá Alhaja, ó rí dàbínù, èso dídùn tí a fi ń ṣínu nígbà ààwẹ̀, nínú ọ̀rá lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì.

"Alhaja! Dàbínù! Ẹ̀yin gan-an lẹ fẹ́ pa ara yín!"

Alhaja búra. Wọ́n ní èyí tó ṣẹ́kù nígbà ààwẹ̀ ni, àwọn ò tọ́ ọ wò láti ìgbà náà. Ẹ̀gbọ́n ọkọ mi yíjú sí mi. "Ìwọ tó ń bá wọn gbé, ṣé wọ́n ń jẹ ẹ́ àbí wọn kì í jẹ ẹ́?"

Mo wo ilẹ̀. Mo ní, "Mi ò fẹ́ kí Alhaja bínú sí mi o. Ṣùgbọ́n mo máa ń rí wọn tí wọ́n ń jẹ ẹ́."

Irọ́ ni. Mi ò rí wọn rí. Alhaja wò mí, wọ́n ní, "Ìyàwó mi, òpùrọ́ ni ẹ́." Gbogbo ilé sì pariwo mọ́ wọn pé ẹnu wọn ni kò dáa. Wọ́n ti ilé ìdáná pa, wọ́n kó kọ́kọ́rọ́ fún mi. Kódà ní àsàlátù, àwọn ẹgbẹ́ wọn ń pè wọ́n ní Ìyá Aládùn, wọ́n ń rẹ́rìn-ín.

Nígbà tí ẹsẹ̀ náà dúdú, a gbé wọn lọ sí ọsibítù. Nọ́ọ̀sì kan gbé ìgò ínsúlìn wa sókè, ó wò ó. Ó ní, "Ibo lẹ ń tọ́jú èyí sí? Ṣé ó ń tutù dáadáa? Bí ooru bá ti pa á, omi lásán lẹ ń gún fún wọn." Mo ní inú fíríìjì ni, ó ń tutù.

Wọ́n fún wọn ní tuntun. Láàárín ọjọ́ mélòó kan, ṣúgà wálẹ̀. Ẹ̀gbọ́n ọkọ mi pàtẹ́wọ́, ó ní, "Ẹ rí i báyìí? Torí wọn ò rí dàbínù jẹ níbí ni." Ó ti pẹ́ jù fún ẹsẹ̀. Wọ́n gé e lábẹ́ orúnkún.

Láti ọjọ́ yẹn, mi ò pa kọ́táòtù mọ́. Kí ló kù tí mo fẹ́ tọ́jú?

Lọ́jọ́ Jímọ̀ tó kọjá, Alhaja pe gbogbo wa jọ. Ààwẹ̀ ń bọ̀, ìgbà tí a máa ń tọrọ àforíjì lọ́wọ́ ara wa nìyẹn. Wọ́n tọrọ lọ́wọ́ ọkọ mi, wọ́n tọrọ lọ́wọ́ ọmọ wọn obìnrin. Wọ́n wá yíjú sí mi.

"Ìyàwó mi, ọjọ́ tí o sọ òótọ́ nípa dàbínù, mo pè ọ́ ní òpùrọ́. Mo ti rò ó títí. Ó jọ pé mò ń jẹ ẹ́ lóòótọ́, tí ọjọ́ orí ò jẹ́ kí n rántí. Foríjì mí, ìyá àwọn ọmọ mi."

Gbogbo wọn ń wò mí. Mo ṣí ẹnu mi yìí, mo ní, "Mo ti foríjì yín, Alhaja." Wọ́n gbé ọwọ́ lé mi lórí, wọ́n ń ṣàdúrà fún mi.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbà mí. Bí mo bá sọ ọ́, ọkọ mi á lé mi jáde, á sì gba àwọn ọmọ. Bí mi ò bá sọ ọ́, ìyá yìí á lọ bá Ọlọ́hun pẹ̀lú ẹ̀ṣẹ̀ tí wọn ò dá. Ẹ má sọ pé kí n lọ gbàdúrà. Ẹni tí mo ṣẹ̀ ló ń gbà á fún mi láràárọ̀. Ẹ sọ fún mi, ta ni kí n kọ́kọ́ kúnlẹ̀ fún?