Ohun Tí Ògbufọ̀ Ṣe ní Ìdí-Ọsàn

"Ẹ̀yin ará Ìdí-Ọsàn, ọ̀rọ̀ kan wà tí mo gbé mì láti bí ọdún mẹ́ta, ó sì ti fẹ́ pa mí. Lónìí ni n óò bì í sílẹ̀ níwájú yín, kí ìtìjú tó bá máa tibẹ̀ wá kó bá mi."

Báyìí ni Ọlátúbọ̀sún bẹ̀rẹ̀, olùkọ́ tí gbogbo èèyàn mọ̀ sí Tíṣà, lábẹ́ òrùlé páànù tí àwọn ará abà náà ti ń ṣèpàdé. Inú takisí tó gbé àwọn méjèèjì wá láti Adó ni Àìṣà jókòó sí, ìyá arúgbó tó ń se ọṣẹ dúdú, tí àìsàn ti gbẹ kanrin. Bàdírù, àbúrò rẹ̀, ti ní kò gbọdọ̀ fẹsẹ̀ kan ilẹ̀ abà àyàfi tí ẹlẹ́rìí tó mú wá bá kọ́kọ́ sọ tẹnu rẹ̀. Àìṣà gbà. Ó dá a lójú pé Tíṣà wá wẹ òun mọ́ ni. Bẹ́ẹ̀ náà ni, ṣùgbọ́n kò mọ irú omi tí yóò fi wẹ̀ ẹ́.

Lọ́dún 1976, nígbà tí ìjọba ológun ń tún káńsù ìbílẹ̀ tò, wọ́n rán òṣìṣẹ́ káàkiri láti gbọ́ tẹnu ará ìlú: ibi tó yẹ kí wọ́ọ̀dù kan parí sí, ibi tó yẹ kí òmíràn ti bẹ̀rẹ̀, àti àwọn tó yẹ kó ní káńsẹ́lọ̀ tiwọn. Ará ìpínlẹ̀ Bẹ̀ńdẹ́ẹ̀lì ni èyí tó wá sí Ìdí-Ọsàn, lọ́nà Ìgèdè. Kò gbọ́ Yorùbá rárá, kò sì sí ará abà kan tó gbọ́ òyìnbó. Ọlátúbọ̀sún ni wọ́n mú ṣe ògbufọ̀. Bámgbóyè, ẹ̀gbọ́n ìyàwó rẹ̀, ló ṣètò bẹ́ẹ̀, nítorí ó fẹ́ di káńsẹ́lọ̀, ó sì mọ̀ pé láìsí Ìdí-Ọsàn, àdúgbò òun ní Adó kò ní pọ̀ tó láti jẹ́ wọ́ọ̀dù kan.

"Àna mi," ni Bámgbóyè wí fún un, "ẹnu rẹ nìkan ni mo fẹ́ yá. Bí mo bá wọlé, wàá di ọ̀gá ilé ìwé."

"Ẹ jẹ́ kí n sọ òótọ́," ni Ọlátúbọ̀sún wí fún àwọn ará abà. "Kí ó tó sọ̀rọ̀ tán ni mo ti gbà. Ojú kòkòrò ni. Kò sẹ́ni tó fipá mú mi."

Lọ́jọ́ ìpàdé náà, Àìṣà ni gbogbo abà ní kó gbẹnu sọ fún àwọn, torí kì í bẹ̀rù èèyàn. Ó dìde, ó ní: "Ẹ bá wa sọ fún àlejò pé a kì í ṣe ọmọ àgbàtọ́. Bí odò yìí bá kún, aboyún wa kì í rọ́nà dé ọsibítù. Ẹni tí kì í sùn níbí kò lè mọ̀ ọ́n. Kí wọ́n fún wa ní káńsẹ́lọ̀ tiwa, tí yóò máa bá wa pariwo afárá."

Ọlátúbọ̀sún tú u sí òyìnbó pé ìyá náà ń dúpẹ́, pé abà kékeré ni àwọn, pé àwọn kò fẹ́ wàhálà, kí wọ́n jẹ́ kí àwọn wà lábẹ́ Adó bí ti àtẹ̀yìnwá.

Àlejò wò ó. "Ṣé gbogbo ohun tó sọ nìyẹn?"

Ọlátúbọ̀sún mi orí pé bẹ́ẹ̀ ni. Àwọn ará abà rí i, wọ́n rò pé ọ̀rọ̀ àwọn ti wọlé, wọ́n pàtẹ́wọ́.

"Èmi lẹ pàtẹ́wọ́ fún o," ni Ọlátúbọ̀sún wí fún wọn lábẹ́ páànù náà.

Lọ́jọ́ ìpàdé yẹn, bí ọkọ̀ tó gbé àlejò àti Tíṣà ṣe fẹ́ gbéra, Àìṣà sáré gbé agbọ̀n ọsàn lé wọn lọ́wọ́. Ó tẹ̀ mọ́ fèrèsé, ó ní, "Tíṣà, ọmọ mi, Ọlọ́hun á gbé ọ ga."

Wọ́n da Ìdí-Ọsàn pọ̀ mọ́ wọ́ọ̀dù Bámgbóyè. Ó wọlé. Ọlátúbọ̀sún di ọ̀gá. Ẹnikẹ́ni kò dárúkọ afárá. Nígbà òjò tó tẹ̀ lé e, ìyàwó ọmọ Bàdírù rọbí, odò kún, etí odò ló sì kú sí tòun toyún. Bàdírù fi ọ̀fọ̀ rẹ̀ wá sí Adó.

"Tíṣà, kí ni àlejò yẹn gbọ́ lẹ́nu wa?"

Ẹ̀rù ba Ọlátúbọ̀sún. Ó ní, "Ẹ̀gbọ́n yín ló padà bá a nídìí ọkọ̀. Ṣebí ẹ rí i. Ó ní kí n sọ fún un kó má ka ohun tí òun sọ sí, pé òun àti Bámgbóyè ti jọ ṣàdéhùn."

Bàdírù ti rí agbọ̀n ọsàn náà. Ó gbà á gbọ́. Láti ọjọ́ náà, kò sẹ́ni tó ra ọṣẹ Àìṣà mọ́, wọn kì í sì í dáhùn ìkíni rẹ̀. Ó kó lọ bá ọmọ rẹ̀ obìnrin ní Adó.

"Èyí tó burú jù kù sẹ́yìn," ni Ọlátúbọ̀sún wí. Ó ní Àìṣà wá bá òun, pé, "Tíṣà, ìwọ nìkan lo gbọ́ ohun tí mo sọ nídìí ọkọ̀. Bá mi lọ jẹ́rìí." Òun ṣèlérí, òun kò lọ. Nígbà tó tún padà wá, òun sá sínú yàrá, òun ní kí Monínúọlá ìyàwó òun sọ pé òun kò sí nílé. Òun gbọ́ bí arúgbó náà ti ń wúkọ́, tó ń ṣàdúrà fún òun lẹ́nu ọ̀nà.

Nígbà tó lọ tán, Monínúọlá bi í ní ohun tó ṣe fún arúgbó náà. Ó jẹ́wọ́. Obìnrin náà ní, "Mú un padà sílé rẹ̀, tàbí kí o wá ẹlòmíràn tí yóò máa bá ọ purọ́."

Ọlátúbọ̀sún dọ̀bálẹ̀ gbalaja nínú eruku. "Ẹ̀yin ọmọ tó ń kọ́ òyìnbó, bí àwọn òbí yín bá fi ọ̀rọ̀ wọn sí yín lẹ́nu, ẹ má tà á. Ìyá, ẹ dárí jì mí."

Bàdírù ti dé ìdí ọkọ̀. Ó ṣí ilẹ̀kùn, ó dojú bolẹ̀ ní ẹsẹ̀ ẹ̀gbọ́n rẹ̀. Àìṣà wò ó, ó wo Tíṣà.

"Ìdáríjì wà lọ́wọ́ Ọlọ́hun," ni ó wí. "Ní tèmi, ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ lọ sùn ní ulé mi."