Pákó Ìrókò Tí Mo Fi Dá Iṣẹ́ Sílẹ̀

Orí pósí bàbá mi ni mo ti ń ṣiṣẹ́ jẹun lójoojúmọ́. Ẹ má sá, ẹ̀yin tí ẹ ń ka ìtàn mi yìí, bàbá mi kò sí nínú rẹ̀. Bàbá mi ti sùn ní Òkukù láti ọdún méjì sẹ́yìn, inú pósí ọjà ni a sì gbé wọn sí. Èyí tó yẹ kó jẹ́ tiwọn ló wà nínú ṣọ́ọ̀bù mi ní Ìnísà, tó dúró lórí ẹsẹ̀ mẹ́rin, tí mò ń tẹ́ aṣọ lé lórí. Àwọn oníbàárà a máa fọwọ́ pa á, wọ́n á ní, "Tábìlì yìí mà lágbára o!" Èmi á rẹ́rìn-ín. Ta ló mọ ohun tó wà lẹ́yìn ẹ̀rín náà? Ní Sátidé tó ń bọ̀, ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin ń bọ̀ wá tú tábìlì náà. Láti ìgbà tí wọ́n ti sọ ọ́ fún mi ni ọkàn mi kò ti balẹ̀ mọ́, nítorí irọ́ kan tí mo pa fún wọn. Ẹ̀yin ni ẹni àkọ́kọ́ tí mo máa sọ ọ́ fún.

Iṣẹ́ títẹ ọ̀rọ̀ àti àwòrán sára aṣọ ni mò ń ṣe. Pólò ọmọ ilé-ìwé, aṣọ ẹgbẹ́ akọrin, àpò ìrántí ọjọ́ ìbí, kò sí èyí tí n kì í tẹ̀. Ìkìrun ni mo ti kọ́ ọ, lọ́dọ̀ obìnrin kan tí ẹnu wọn mú bí abẹ, ṣùgbọ́n tí inú wọn mọ́. Nígbà tí mo gba fírídọ̀ọ̀mù, mo jókòó, mo kọ gbogbo ohun tí mo máa rà sínú ìwé: aṣọ ọ̀gáńsà tí a ó nà mọ́ férémù, kẹ́míkà tí ń mú àwòrán jáde lára rẹ̀, íńkì, rọ́bà tí a fi ń fa íńkì, áyọ́ọ̀nù, owó ṣọ́ọ̀bù. Owó àjọ tí mo ti ń dá bọ̀ wọ inú rẹ̀ tán pátápátá. Mo fi ìwé náà han ọ̀gá mi, ni wọ́n bá bú sẹ́rìn-ín. "Tábìlì ńkọ́? Àbí orí itan ẹ lo ti fẹ́ máa tẹ aṣọ fún wọn?" Mo ti gbàgbé tábìlì! Bẹ́ẹ̀ sì rèé, tábìlì gan-an niṣẹ́ wa. Bí kò bá tẹ́jú, tó bá ń mì, lẹ́tà á wọ́, íńkì á ṣàn síbi tí a kò rán an, oníbàárà á sì da aṣọ náà padà lé ọ lọ́wọ́. Tábìlì gígùn tí igi rẹ̀ le, èmi kò ní owó rẹ̀ mọ́.

Káfíńtà ni bàbá mi. Nígbà èwe mi, bí ẹ bá gba ẹ̀gbẹ́ ojú irin kọjá ní Òkukù, ẹ ó gbọ́ ìró ìfági wọn láti àárọ̀. Èépá igi tó bá ká kọ́rọ́ bọ́ sílẹ̀, èmi á ṣà á, màá fi kọ́ etí bíi yẹtí. Títí di òní, bí mo bá gbọ́ òórùn igi tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ là, ojú mi á kún fún omi. Bàbá mi kì í ra igi láì kọ́kọ́ fi ìka kàn án: kó, kó, kó. "Igi tó bá gbó á dá ọ lóhùn," bí wọ́n ṣe máa ń wí nìyẹn. Ọjọ́ tí wọ́n kọ́kọ́ wá kí mi nílé ọkọ, ilẹ̀kùn ni wọ́n kọ́kọ́ kàn kí wọ́n tó jókòó. Wọ́n mi orí, wọ́n ní ọkọ mi dára ju ilẹ̀kùn rẹ̀ lọ.

Nígbà tí ìyá mi kú, bàbá mi kò jẹ́ kí ẹnikẹ́ni ra pósí. Ìrókò kan wà nínú oko ìdílé wa lọ́nà Ìbà, òun ni wọ́n gé, tí wọ́n fọwọ́ ara wọn kan ilé ìkẹyìn fún aya wọn. Wọ́n fá pákó tó ṣẹ́ kù, wọ́n tò ó sí abẹ́ òrùlé ẹ̀yìnkùlé, wọ́n ní tiwọn nìyẹn. "Igi kan náà lèmi àti ìyá yín máa sùn nínú ẹ̀." Lọ́dọọdún, bí ìkórè bá ti parí, wọ́n á gbé àwọn pákó náà síta, wọ́n á nù wọ́n, wọ́n á yí wọn padà kí wọ́n má baà wọ́. Ẹ̀rù rẹ̀ kì í ba àwa ọmọ. A máa ń jókòó lé e lórí jẹ ẹ̀pà.

Mo wá sọ ọ̀rọ̀ tábìlì fún bàbá mi, mo kàn ní kí wọ́n bá mi wá pákó gbàǹjo ni. Lọ́sẹ̀ kejì, bọ́ọ̀sì kan dúró níwájú ṣọ́ọ̀bù mi, pákó ìrókò lórí rẹ̀, bàbá mi níwájú pẹ̀lú àpò irinṣẹ́. Mo kúnlẹ̀ sójú títì.

"Bàbá, kì í ṣe èyí! Ẹ jọ̀ọ́, ẹ dá a padà."

"Dìde ńlẹ̀. Ṣé kí n máa tọ́jú igi de ikán kí ọmọ mi máa wá ibi tó ti máa jẹun kiri? Máa lò ó. Tọ́jọ́ mi bá pé, kẹ́ ẹ tú u, kẹ́ ẹ fi ṣe tèmi fún mi. Ṣó o gbọ́?"

Mo gbọ́. Mo ṣe ìlérí lórí eékún mi. Ìdí nìyẹn tí bàbá mi kò fi lo ìṣó kankan. Súkúrúù ni wọ́n fi dè é látòkè délẹ̀, wọ́n sì ń fi àbẹ́là pa ọ̀kọ̀ọ̀kan kí wọ́n tó dè é. Mo bi wọ́n bóyá wọ́n fẹ́ tan iná sí i ni. Wọ́n ní rárá o, kó má baà dípẹtà ni, kó lè rọrùn láti tú.

Áà, ọjọ́ wọ̀nyẹn dùn! Aṣọ àkọ́kọ́ tí mo tẹ̀ lórí tábìlì náà, bàbá mi ló ni ín. Pólò funfun ni, mo tẹ "BÀBÁ KÁFÍŃTÀ" sí i láyà gàdàgbà. Wọ́n wọ̀ ọ́ lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì Aládùúrà wọn, wọ́n fi ẹ̀wù àdúrà bò ó, wọ́n sì ń ṣí ẹ̀wù náà díẹ̀díẹ̀ kí àwọn ẹgbẹ́ wọn lè kà á. Ọ̀sẹ̀ kì í lọ kí wọ́n má wọ ọkọ̀ kóróòpe wá wò mí. Wọ́n á jókòó sórí àga kékeré, wọ́n á máa bá mi fẹ́ atẹ́gùn sí aṣọ tútù, wọ́n á sì fi ìka kan tábìlì: kó, kó, kó. Ó máa ń dá wọn lóhùn.

Ọjọ́ Túsídeè ni bàbá mi kú, kò ju àìsàn ọjọ́ díẹ̀ lọ. Ìdílé fi ìsìnkú sí Fúráídeè. Àmọ́ iṣẹ́ ńlá kan wà lọ́wọ́ mi, tó tóbi ju gbogbo èyí tí mo ti rí rí lọ: pólò íńtáháòsì ilé-ìwé kan ní Ìkìrun, Tọ́sídeè ni mo gbọ́dọ̀ kó o fún wọn. Láàárọ̀ Wẹ́sídeè, ẹ̀gbọ́n mi wọlé pẹ̀lú súkúrúdíráfà lọ́wọ́, káfíńtà tó máa kan pósí ń dúró de igi lọ́jọ́ náà gan-an. Aṣọ aláwọ̀ ìyeyè ló kún orí tábìlì, íńkì ara wọn kò tíì gbẹ. Bí mo bá tú tábìlì, iṣẹ́ náà parí nìyẹn. Ọ̀rọ̀ náà jáde lẹ́nu mi kí n tó rò ó.

"Bọ̀dá, súkúrúù ẹ̀ ti dípẹtà. Mo ti gbìyànjú títí, kò yí. Àfi tá a bá fi ayùn rẹ́ ẹ, igi náà á sì bàjẹ́."

N kò gbìyànjú nǹkan kan. N kò tilẹ̀ bẹ̀rẹ̀ wò ó. Ẹ̀gbọ́n mi fọwọ́ lé igi náà, omi ń bọ́ lójú wọn. Èmi ni wọ́n tún ń tù nínú! "Kì í ṣẹ̀bi ẹ, ìpẹtà ni. Á yé Bàbá." Wọ́n sì lọ ra pósí pílíwúùdù tí wọ́n kùn ní ọ̀dà dídán.

Ní ọjọ́ ìsìnkú, mo sún mọ́ pósí náà, mo fi ìka kàn án. Pọ́, pọ́, pọ́. Kò dá mi lóhùn. Àwọn àgbà ní ọmọ kò láyọ̀lé, ẹni ọmọ sin ló bímọ. Ṣé ọmọ sin bàbá mi? Ìyá mi wà nínú ìrókò, bàbá mi wà nínú pílíwúùdù, ẹ̀gbẹ́ ara wọn ni sàréè wọn wà. Ẹ bi mí pé kí ni mo fi owó pólò náà ṣe. N kò rántí! Ìtìjú ńlá ni, n kò rántí rárá.

Ní oṣù tó kọjá ni ẹ̀gbọ́n mi wá sọ fún mi pé àwọn ti ra tábìlì onírin fún mi. Wọ́n fẹ́ fi pákó bàbá wa ṣe àga gígùn sí ṣọ́ọ̀ṣì ní Òkukù, kí orúkọ wọn má baà parun. Wọ́n ní kí n má ṣèyọnu, àwọn ti ra epo tí ń pa ìpẹtà. Nígbà tí wọ́n lọ tán, mo ti ilẹ̀kùn, mo wọ abẹ́ tábìlì, mo ki súkúrúdíráfà bọ ọ̀kan nínú àwọn súkúrúù náà. Ìka méjì ni mo fi yí i. Àbẹ́là bàbá mi ṣì funfun lára rẹ̀. Ká ní mo bẹ̀rẹ̀ lọ́jọ́ Wẹ́sídeè yẹn ni, pólò mẹ́wàá kò ní gbẹ kí n tó tú u tán.

Ẹ̀yin tí ẹ fẹ́ dá iṣẹ́ sílẹ̀, ẹ kọ owó íńkì sínú ìwé, ẹ kọ ti férémù. Ṣùgbọ́n ohun tí ẹnìkan bá yọ lára ara rẹ̀ fún yín, ẹ kọ òun sókè pátápátá, nítorí ọjọ́ tó máa fẹ́ gbà á padà kò ní bá yín ní ìmúrasílẹ̀.

N kò tíì parí ìjẹ́wọ́ mi. Lánàá, mo po iyọ̀ mọ́ omi nínú abọ́. Mo fẹ́ máa ta á sí àwọn súkúrúù náà, bóyá wọ́n á dípẹtà kí Sátidé tó dé, kí irọ́ mi lè di òótọ́. Mo gbé e dé abẹ́ tábìlì, n kò lè ta á. Ṣé kí n lọ bá ẹ̀gbọ́n mi ní Òkukù kí n kúnlẹ̀, àbí kí n dákẹ́ kí ọwọ́ wọn fúnra rẹ̀ sọ fún wọn? Ẹ gbà mí nímọ̀ràn. Omi iyọ̀ náà ṣì wà lábẹ́ tábìlì, n kò tíì dà á nù.